Ẹni tí kò ní etíkun kò gbọdọ̀ wọ àkísà

Aṣọ ni èdìdì ènìyàn. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kan wà ní ìhà àríwá wa tí ó jẹ́ pé, kí aṣọ òkè òkun tó lè bo àwọn ọmọ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni ó gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Orílẹ̀-èdè náà ni Niger. Kò ní etíkun, kò sì ní èbúté. Àńkárá tí ó ti ilẹ̀ Ṣáínà tàbí ilẹ̀ Holland wá sí ọjà Maradi àti Niamey ní láti kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Kútọnù, sí Lomé tàbí sí Èkó.

Ẹ̀yin ará wa ní Mowe, Ibafo àti Ifo, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Òpópónà Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní ọdún 1978 gba Ibafo àti Mowe kọjá, lórí rẹ̀ sì ni àwọn tírélà tí ń kó ẹrù láti Àpápá lọ sí òkè ọya ń gbà. Ifo jókòó sí ẹ̀bá ojú irin àtijọ́ tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ìpínlẹ̀ Ògùn pàápàá kò ní èbúté tí ọkọ̀ òkun ń já ẹrù sí. Láti Èkó ni tiwa ti ń wá. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà láàárín àwa àti ará Maradi ni pé kò sí ibodè orílẹ̀-èdè láàárín àwa àti òkun. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ó wúwo lórí owó aṣọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Kí ọdún 2023 tó dé, nígbà tí kọ̀ńténà àńkárá bá dé Kútọnù, a kì í gba owó orí rẹ̀ níbẹ̀ bí Niger bá ni ó ń lọ. Àwọn aṣọ́bodè yóò fi èdìdì dì í, olówó yóò fi owó ṣe onídùúró, ọkọ̀ yóò sì rin ìrìn tí ó lé ní 1,000 kìlómítà, gba Parakou àti Malanville, kí ó tó sọdá Odò Ọya sí Gaya, kí ó tó kọrí sí Niamey. Owó ọkọ̀ ń bẹ, owó onídùúró ń bẹ, owó ìdádúró ní èbúté ń bẹ, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ojú ọ̀nà sì ń bẹ pẹ̀lú. Àwọn oníṣòwò kì í jẹ gbèsè wọ̀nyí. Obìnrin tí ó wá ra yáàdì mẹ́fà ni ó ń san gbogbo rẹ̀.

Kì í ṣe òní ni àwọn aláṣẹ ti ń fi ọ̀nà Niger ṣeré. Ní ọdún 1953, ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í darí ẹ̀pà Niger gba Dàhòmì, kí ó má baà gba ojú irin Kano kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni Kano ni ó sún mọ́ Maradi àti Zinder jù lọ. Àgbẹ̀ kọ́ ni ó yan ọ̀nà yẹn. Lẹ́yìn òmìnira ńkọ́? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa, kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey, ECOWAS pàṣẹ pé kí a ti ibodè. Ẹrù Niger sì há sí Kútọnù àti sí Malanville. Ọ̀gágun kankan kò wọ àkísà nítorí rẹ̀. Mẹ̀kúnnù ni ó jìyà.

Àwọn kan yóò wí pé: “Ẹ má gbàgbé fàyàwọ́.” A kò gbàgbé. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹrù tí ìwé rẹ̀ ń wí pé Niger ni òun ń lọ ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ ọjà wa. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé ó pa ilé iṣẹ́ aṣọ wa lára. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní ọdún 2004, òfin ti de aṣọ òkèèrè. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ ńlá United Nigerian Textiles ní Kaduna ti ìlẹ̀kùn ní ọdún 2007. Iná mànàmáná tí kò dúró, epo dúdú tí ó wọ́n gógó, òwú tí kò tó, gbogbo wọn ni ó gbá fàyàwọ́ lẹ́yìn. Títi ibodè kò tan iná sí ilé iṣẹ́ kan.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ rántí pé ní àwọn ọdún 1850, òwú Abẹ́òkúta ń lọ sọ́dọ̀ Thomas Clegg ní Manchester. Ó ń lọ ní òwú, aṣọ Manchester sì ń padà wá sí ọjà wa ní ọ̀wọ́n. Ẹni tí ń gbin òwú tí kò hun aṣọ, bí ó tilẹ̀ ní etíkun, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ẹni tí kò ní i lọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkíní: kí ìjọba ṣọ́ èdìdì ẹrù, kí ó má ṣe ti ibodè. Òfin òkun tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 1982 fún ẹni tí kò ní etíkun ní ẹ̀tọ́ láti dé òkun. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ìtọrẹ. Èkejì: kí ojú irin Kano sí Maradi, tí a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 2021, so mọ́ èbúté Èkó ní tòótọ́, kí ẹrù lè kọjá láìsí ẹni tí yóò na okùn dí ọ̀nà. Ẹ̀kẹta: kí iná dé ilé iṣẹ́ aṣọ, kí a sì san owó òwú fún àgbẹ̀ bí ó ti yẹ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ń gbé ẹ̀bá òpópónà, ẹ̀yin ni ó ń rí àwọn tí ń dá ọkọ̀ dúró gba owó tí òfin kò mọ̀. Ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé wọ́ọ̀dù, ẹ sọ ọ́ létí aṣòfin yín. Ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú: owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ awakọ̀ Maradi lónìí, àwọn náà ni yóò gbà á lórí iṣu àti gbágùúdá yín lọ́la.