Ẹ Bi Onílàkúrègbé Bó Ṣe Sùn

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Ejìgbò tó wà ní Koumassi l'Abidjan, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, ìyá kan ti dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà ńlá, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Àgádágodo kọ̀, kò ṣí. Kò dípẹtà o. Ìka ìyá ni kò ká. Ọmọ kékeré ló bá a ṣí i. Láti aago méjì òru ló ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi omi gbígbóná ra ọwọ́. Ará ilé kan ní àgbà ló dé, òmíràn ní ayé ló ń ṣe é. Bí a bá sì kí i pé ṣé ó sùn dáadáa, "A dúpẹ́" ni yóò wí.

"A dúpẹ́" yìí ń pa wá lára. Làkúrègbé kan wà tí kì í ṣe ti ogbó, èyí tí àwọn dókítà Abidjan ń pè ní polyarthrite rhumatoïde. Àwọn ọmọ-ogun inú ara tó yẹ kó máa lé àrùn ló kọjú ìjà sí oríkèé. Ó ń mú obìnrin tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ọkùnrin. Òru sí ìdájí ló ń gbóná jù, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń gan lówùúrọ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrora ò jẹ́ kí aláìsàn sùn; àìsùn tún sọ ìrora di méjì.

Lẹ́yìn náà ni ìyá wa yìí yóò ra hóró oògùn aláìlórúkọ lórí àtẹ. Bó bá jẹ́ kọ́tísọ́ọ̀nù, ara á fúyẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, oorun á sì túbọ̀ sá. Àárọ̀ ni dókítà ń ní ká lo irú rẹ̀, kì í ṣe alẹ́.

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀. Kí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà Koumassi máa bi gbogbo ẹni tí oríkèé ń dùn pé: báwo lẹ ṣe sùn? Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kí ọwọ́ yín tó nà láàárọ̀? Kí wọ́n tètè fi ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá jọ ti àrùn yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀ka àrùn oríkèé (rhumatologie) ní ilé ìwòsàn CHU Cocody, nítorí eegun tí àrùn yìí bá ti jẹ kì í padà bọ̀ sípò.

Ẹ má jẹ́ kí owó dí yín lọ́wọ́. Òfin ìbánigbófò ìlera (CMU) ti ọdún 2014 kan gbogbo ẹni tó ń gbé Côte d'Ivoire, àwa tá a ti Ejìgbò wá náà wà níbẹ̀: 1,000 séfà lóṣù ni owó rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, CMU á sì san 70 nínú 100 owó ìtọ́jú tó bá gbà láti san. Ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ ìlú wa, ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ kọ orúkọ àwọn ìyá tọ́wọ́ wọn ń wú sílẹ̀. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Faransé tì wọ́n, kí ẹ sì mú wọn lọ.