Ta Ni Ó Ń Béèrè Àlàáfíà Olùkọ́?

Nígbàkúùgbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá padà wọ inú ọgbà yìí fún àjọ̀dún, a ní àwọn ìbéèrè tí a máa ń mú bọ̀. A ó béèrè pé òrùlé wo ni ó ń jò, àga mélòó ni ó ṣẹ́ kù, báwo ni èsì ìdánwò WAEC ti rí lọ́dún yìí. Ẹ̀yin òbí náà ní tiyín: owó ilé-ẹ̀kọ́, oúnjẹ àwọn ọmọ, ìwà wọn. Ìbéèrè rere ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tí ì sí ní ìpàdé kan rí tí ẹnikẹ́ni ti dìde béèrè pé: àwọn tí ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ńkọ́, báwo ni nǹkan ti rí fún wọn?

Ẹlòmíràn yóò sọ pé Yorùbá ni wá, a kì í jí kí a má kí ara wa. Òtítọ́ ni. Kí agogo ìpéjọ òwúrọ̀ tó dún, olùkọ́ kan á ti gba ìkíni tí ó tó ogún: ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó ní fún gbogbo rẹ̀: a dúpẹ́. Bí ara ọmọ rẹ̀ bá ń gbóná ní ilé, a dúpẹ́. Bí owó oṣù kò bá tí ì wọlé, a dúpẹ́. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú lánàá pàápàá yóò kọ́kọ́ wí pé a dúpẹ́ kí ó tó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìkíni wa. Ẹwà ni, ìgbàgbọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ìkíni kì í ṣe ìbéèrè. Òṣìṣẹ́ tí ó bá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó máa ka ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gá tí ó ń kọjá lọ, a ó ní kò mọ ìwà í hù.

Ẹ rántí obìnrin ará Ṣúnémù inú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4. Gehasi sáré pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì béèrè àlàáfíà rẹ̀, ti ọkọ rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà ní àlàáfíà ni. Bẹ́ẹ̀ òkú ọmọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn wòlíì nílé ní àkókò náà. Gehasi kò ṣẹ̀. Ó béèrè ohun tí a rán an. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà di ẹsẹ̀ Èlíṣà mú, Gehasi fẹ́ tì í kúrò. Wòlíì ni ó ní kí ó fi í sílẹ̀, nítorí ó rí i pé ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ó sì jẹ́wọ́ pé Olúwa fi ọ̀ràn náà pamọ́ fún òun. Bí a bá lè fi ọ̀ràn pamọ́ fún Èlíṣà, ta ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò ní òun ń wo ojú àwọn òṣìṣẹ́ òun, òun sì ti mọ bí wọ́n ti wà?

Èmi náà ti jẹ Gehasi rí. Mo ṣe olórí ẹ̀ka kan ní ilé-iṣẹ́ kan fún ọdún díẹ̀. Arábìnrin kan wà lábẹ́ mi tí ó ń ṣe ìṣirò owó, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ojoojúmọ́ ni a sì ń kí ara wa. Nígbà tí ó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé, àṣìṣe sì ń wọ inú ìwé rẹ̀. Mo fún un ní kúẹ́rì. Ó fi ìlà méjì tọrọ àforíjì. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kọ̀wé pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ó mú kọ́kọ́rọ́ wá ni mo ní kí ó jókòó, mo sì rí i pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò jókòó nínú yàrá iṣẹ́ mi láti ọdún mẹ́rin. Ó ní ọkọ òun ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn rọpárọsẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ. Òun ni òun ń wẹ̀ ẹ́, tí òun ń yí i padà, kí òun tó jáde nílé. Èmi ni mo ní àṣẹ láti fún un ní wákàtí kan lówùúrọ̀. Kò ní ná ilé-iṣẹ́ ní kọ́bọ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti rí ọgbọ́n kan kọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Láàárín 1928 sí 1930, ilé-iṣẹ́ Western Electric ní Hawthorne, nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ tí ó ju 20,000 lọ lẹ́nu wò. Ìbéèrè tí a ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé òṣìṣẹ́ a máa yà kúrò lórí ìbéèrè lọ sí ibi tí ọkàn rẹ̀ wà. Wọ́n yí ọwọ́ padà: wọ́n jẹ́ kí òṣìṣẹ́ sọ ohun tí ó wù ú, kí olùbéèrè kàn máa gbọ́. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ní 2012, ilé-iṣẹ́ Adobe pa àyẹ̀wò iṣẹ́ ọlọ́dọọdún tì, ó sì fi ìjíròrò lóòrèkóòrè láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ní tiwa, aláyẹ̀wò láti ilé-iṣẹ́ ìjọba yóò wá, yóò yẹ ìwé ètò ìkọ́ni àti rẹ́jísítà wò, yóò fọwọ́ sí i, yóò lọ. Kò sí àyè kankan nínú ìwé rẹ̀ fún olùkọ́ fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ààbọ̀ wákàtí tí ó jẹ́ tirẹ̀: olùkọ́, alásè, ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ìyá tí ń tọ́jú àwọn ọmọ ilé gbígbé. Kí a ti ilẹ̀kùn, kí a jókòó. Mo rò pé kò yẹ kí ó jẹ́ ẹni tí ń fọwọ́ sí ìwé ìgbéga ni yóò máa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn ènìyàn fọkàn tán, lè bá wa ṣe é. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí a pín fọ́ọ̀mù tí kò ní orúkọ lórí. Nínú ilé-ẹ̀kọ́, ta ni kò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Ohun tí a bá sì gbọ́, kí ó má di kókó àdúrà ní ìpéjọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ pé inú rere ni a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti gbàdúrà fún ní gbangba lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò tún ní sọ nǹkan kan mọ́.

Èyí tí ó ṣòro jù ni ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Bí a kò bá ní ṣe nǹkan kan, ó sàn kí a má béèrè rárá, nítorí ẹni tí a bi léèrè lẹ́ẹ̀mejì láìsí àyípadà yóò padà sí a dúpẹ́ rẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá àgbà kò lè fi kún owó oṣù nítorí ọ̀rọ̀ ẹnìkan, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un láìfi bò. Ṣùgbọ́n ilé ìyàgbẹ́ àwọn olùkọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣe é tì, kíláàsì tí a tò sí ìṣẹ́jú kan náà tí aboyún gbọ́dọ̀ gun àkàsọ̀ lọ sí, olùkọ́ tí ó nílò ọjọ́ méjì láti gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn: èwo ni agbára wa kò ká nínú ìwọ̀nyí?

Ẹgbẹ́ wa ń dá owó lọ́wọ́ fún àjọ̀dún yìí, mo sì ti dá tèmi. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ni pé, ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí a tó ka ìṣirò owó, kí a kọ́kọ́ bi ọ̀gá àgbà pé: òṣìṣẹ́ mélòó ni a bá jókòó ní sáà yìí, kí sì ni ó wà níbẹ̀ tí àwa lè bá yín tún ṣe?