"Shelter" Wo Ni Wọ́n Ń Wí?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí àwọn oníwèé ìròhìn ń lò lóríṣiríṣi, èyí nì ni "shelter". Ó yẹ kí a tú u wò, nítorí pé ìròhìn tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ ni a sáábà máa ń tìtorí rẹ̀ dá owó sàráà ní mọ́sálásí.

Bí wọ́n bá kọ ọ́ mọ́ oúnjẹ àti aṣọ, ilé gbígbé ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ mọ́ ibùdókọ̀, àtíbàbà tí èrò ń dúró sí lábẹ́ rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ mọ́ owó orí, ọgbọ́n tí olówó fi ń gbé owó rẹ̀ pamọ́ kí owó orí má bàa kàn án ni. Ìyá aláta tí agbowó ọjà ń ká mọ́ ìdí àtẹ kò ní irú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ìròhìn àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ó lè jẹ́ ilé, ó lè jẹ́ àgọ́, ó sì lè jẹ́ tápólì kan ṣoṣo pẹ̀lú okùn tí wọn yóò fi ta á. Nítorí náà, bí a bá kà pé ẹgbẹ̀rún ìdílé ti rí "shelter" gbà, ẹ má tíì sọ pé wọ́n ti rí ilé.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti Baghdad. Ní ọjọ́ 13 oṣù February, 1991, nígbà tí Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ń bá Iraq jà, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù méjì lu ilé kan ní àdúgbò al-Amiriyah. Àwọn tí ó kú lé ní 400, obìnrin àti ọmọdé ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Malja' ni àwọn ará Iraq ń pe ilé náà, ìyẹn ibi ìsádi. Àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà pè é ní "bunker". Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ológun ti ń pàṣẹ ogun, àti pé àwọn kò mọ̀ pé ará ìlú wà nínú rẹ̀. Àwọn akọ̀ròhìn tí ó dé ibẹ̀, tí wọ́n rí òkú, kọ "shelter". Ẹni tí ó ka "ibùdó ológun" yóò ní bí ogun ti í rí nìyẹn. Ẹni tí ó ka "ibi ìsádi" yóò béèrè pé ta ni yóò dáhùn fún ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Irú àríyànjiyàn yìí náà ni ó tún wáyé lórí àwọn ilé-ìwé Gaza tí ará ìlú sá sí nínú ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní October 2023.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ kéwú, ẹ kò ṣàì mọ ma'wā. Ibi tí ènìyàn forí lé láti wọ̀ sí ni. Nínú Súrà An-Nāzi'āt, a lò ó fún Àlùjáńnà, a sì lò ó fún iná. Ẹni tí ó gbọ́ ma'wā tí kò dúró gbọ́ ìyókù, kò ì mọ ibi tí wọ́n ń wí.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ń túmọ̀ ìròhìn: Yorùbá ní ilé, ó ní àgọ́, ó ní àtíbàbà, ó ní ibi ìsádi. Ẹ mú èyí tí ó bá tọ́. Ẹ̀yin jámáà àti oníṣòwò, ẹ kì í ra ẹrù inú àpò láìtú u wò. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò, ẹ béèrè: Kí ni wọ́n fi bò ó? Àwọn wo ni ń sùn níbẹ̀? Ta ni ó ròyìn rẹ̀, ẹni tí ó dé ibẹ̀ ni, àbí ẹni tí ó ju bọ́ǹbù?

Kí Ọlọ́run Ọba dáàbò bo gbogbo ẹni tí ogun sọ di aláìnílé. Àmín.