Ìpàdé àwọn kánsẹ́lọ̀: ọ̀rọ̀ ti wọ̀wé, owó ńkọ́?

Bí ìpàdé àwọn kánsẹ́lọ̀ ṣe máa ń lọ kò ṣàjèjì. Wọn yóò gbàdúrà, akọ̀wé yóò ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan yóò dábàá pé kí wọ́n tẹ́wọ́ gbà á, ẹlòmíràn yóò kín in lẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọjà, gáréèjì, itẹ́ òkú àti ààtàn yóò jáde. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ o. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́.

Àmọ́ kánsẹ́lọ̀ lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n la gọ́tà ọjà, kí gọ́tà má sì jáde. Òfin kan náà ló ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ wọ inú àsùnwọ̀n àjọni tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Èyí ló mú kí Lateef Fagbemi, agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀, pe ẹjọ́ ta ko ìpínlẹ̀ 36. Lọ́jọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó náà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn.

Níbi tí owó bá ti wọlé bẹ́ẹ̀, ta ni yóò bi alága léèrè bó ṣe ná an? Kánsẹ́lọ̀ ni. Ìyá aláta tí àgbàrá ń gbé ọjà rẹ̀ lọ kò mọ ohun tó ń jẹ́ àsùnwọ̀n àjọni. Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀ ló mọ̀.