Nígbà Tí Sójà Bá Padà Délé

Púpọ̀ nínú sinimá ogun, bí ìbọn bá ti dákẹ́, eré parí. Ibẹ̀ gan-an ni The Best Years of Our Lives, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1946, ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ọkùnrin mẹ́ta ló ti ogun dé. Ọ̀kan, káfúténì inú ọkọ̀ òfuurufú, padà sẹ́yìn káńtà ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta áìsìkiriìmù tẹ́lẹ̀. Èkejì, òṣìṣẹ́ báńkì, yá sójà kan lówó láìgba ohun ìdógò. Ọ̀gá rẹ̀ bá a wí. Ẹ̀kẹta, Homer, ìkọ́ irin ló fi ṣe ọwọ́. Harold Russell tó ṣe Homer kò díbọ́n: ohun abúgbàù ló gé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ní 1944. Oscar méjì ni wọ́n fún un.

Homer ń sá fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bọ́ ìkọ́ náà níṣojú rẹ̀, kò sì lè de bọ́tìnnì aṣọ. Ọmọbìnrin náà bá a dè é.

Ẹ̀yin ará, kíkí sójà kú àbọ̀ kò tó. Ẹ fún un níṣẹ́, ẹ bá a de bọ́tìnnì, ẹ má sì gbójú kúrò lára rẹ̀.