Kí Orin Tó Dùn, Kí Ó Kọ́kọ́ Yé Ni

Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo ọ̀dọ́ tó sọ yàrá rẹ̀ di sítúdíò, ìbáà jẹ́ ní Èkó, ìbáà jẹ́ ní Ọ̀tùn-Èkìtì, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà, lápá ibi tí ilẹ̀ Èkìtì ti bá Kwara pààlà.

Ní irú ìlú bí Ọ̀tùn, ọ̀dọ́ tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, gbohùngbohùn kan àti hẹ́dífóònù kì í ṣe orin ìgbàlódé nìkan. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yóò wá bá a. Ẹbí tó ń palẹ̀ ìsìnkú ìyá àgbà mọ́ yóò wá bá a pé kí ó bá wọn gba oríkì ìdílé sílẹ̀, kí wọ́n lè gbé e sí i lọ́jọ́ ìnáwó. Iṣẹ́ yìí ni owó wà, iṣẹ́ yìí náà ni ẹ̀tẹ́ wà. Bí orin bá ń lọ lọ́jọ́ náà, tí ìlù ń dún kíkankíkan, tí àgbà ilé wá yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, tó béèrè pé, "Kí ló wí?", iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. A pe òkú ní oríkì, àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí irú iṣẹ́ yìí jẹ́ ti àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ owó ńlá nìkan. Ní ọdún 1979 ni Hárúnà Ìṣọ̀lá, àgbà olórin àpàlà, dá ilé ìgborinsílẹ̀ Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ní àyè 24 tí a lè gba ohùn sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun ìyanu sì ni nígbà náà. Lónìí, FL Studio, tí ilé-iṣẹ́ Image-Line ti orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù ṣe, tí a mọ̀ sí FruityLoops títí di ọdún 2003, ní àyè tó ju 100 lọ nínú kọ̀ǹpútà tí a lè gbé sórí itan. Irinṣẹ́ ti dé ọwọ́ wa. Bí a ó ṣe fetí sílẹ̀ ló kù.

Mixing ni dída àwọn ohùn tí a gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní ìwọ̀n àti ní àyè tirẹ̀. Mastering ni ìmúra ìkẹyìn tí a ń fún odidi orin kí ó tó jáde. Ojú ewé kan kò lè gba gbogbo ẹ̀kọ́ wọn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a mú lọ: nínú orin Yorùbá, ẹ̀yìn ohùn ni ìtumọ̀ ń gùn, ẹni tó bá da ohùn rú ti da ọ̀rọ̀ rú.

Dò, re, mí

Ẹni tó bá kọ́ Yorùbá ní ilé-ìwé mọ dò, re, mí: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Ọkọ ló fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń ro oko, ọkọ̀ ni a ń wọ̀ lọ sí Adó, ọ̀kọ̀ ni jagunjagun ń sọ. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, ohùn ló yà wọ́n. Ìdí nìyí tí orin ìbílẹ̀ wa fi sábà máa ń tẹ̀lé gíga àti ìrẹ̀sílẹ̀ ọ̀rọ̀, kí orin má baà gba ìtumọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ní ọdún 1997 ni Auto-Tune jáde. Andy Hildebrand tó ṣe é ti kọ́kọ́ fi ìmọ̀ ìṣirò ka ìró tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ padà wá, nídìí iṣẹ́ wíwá epo rọ̀bì, kí ó tó kọjú sí orin. Iṣẹ́ Auto-Tune ni láti fa ohùn tó bá yẹ̀ padà sórí nóòtì tó sún mọ́ ọn jù lọ. Bí ẹni tó ń kọrin lédè Gẹ̀ẹ́sì bá lò ó ní àlòjù, ohùn rẹ̀ á dà bíi ti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ṣì wà bẹ́ẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn tiwa máa ń yọ́. Ẹ pe "Yorùbá" sókè, kí ẹ sì fetí sí sílébù tó kẹ́yìn: kò fò sókè lójijì, ṣe ló ń gun òkè láti ìsàlẹ̀. Bí a bá gbé iyára Auto-Tune sí 0, ó lè gé gígùn yẹn kúrò, kí ó fi ohùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ rọ́pò rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, kò ṣe nǹkan. Nínú odidi oríkì, àwọn ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ara wọn.

N kò ní kí ẹ jù ú nù. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà iyára rẹ̀ jìnnà sí 0, kí ohùn lè ráyè yọ́. Níbi tí ó bá ti ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ẹ pa á níbẹ̀ nìkan. Bí ó bá jẹ́ oríkì, ewì tàbí ìjálá, tí wọ́n wà láàárín ọ̀rọ̀ sísọ àti orin kíkọ, ẹ má fi kàn wọ́n rárá.

Ẹ ṣọ́ reverb náà, èyí tó máa ń mú kí ohùn dún bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ńlá la wà. Ìró tó ń tẹ̀lé sílébù kan máa ń bọ́ sórí sílébù tó tẹ̀lé e. Bí ìrù rẹ̀ bá gùn tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, dò àti mí ti ń gun ara wọn lórí. Ẹ gé e kúrú fún ẹni tó ń lé orin; àwọn elégbè lè ní èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ni ìyáàlù?

Kí mixing tó di iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni àwọn onídùndún ti ń ṣe é. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú, ìsáájú àti kẹríkẹrì á di ọwọ́ tiwọn mú, kí ọ̀rọ̀ ìyáàlù lè hàn ketekete. Kò sí ẹni tó ń yí bọ́tìnnì kankan níbẹ̀. Àyè ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ara wọn.

Ìbéèrè tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa nìyẹn: nínú orin yìí, ta ni ìyáàlù? Bí ó bá jẹ́ olórin ni, gbogbo yòókù gbọ́dọ̀ sìn ín. Àṣìṣe kan wọ́pọ̀: gángan ń sọ̀rọ̀, olórin ń sọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn ènìyàn ni gángan ń fara wé, nítorí náà agbègbè kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, kò sì sí plugin tó lè parí ìjà wọn tán. Ẹ dákẹ́ gángan nígbà tí olórin bá ń lé. Ẹ jẹ́ kí ó dáhùn nígbà tí olórin bá ń mí.

Lẹ́yìn èyí ni EQ wúlò, irinṣẹ́ tí a fi ń dín apá kan ohùn kù tàbí tí a fi ń gbé e ga. Etí ènìyàn lè gbọ́ láti bíi 20 Hz títí dé 20,000 Hz. Ìlù ńlá tó ń mi àyà wà ní bíi 50 sí 100 Hz. Láàárín 200 sí 500 Hz ni ẹrẹ̀ ti máa ń kó jọ, nítorí ibẹ̀ ni gìtá, kíbọ́ọ̀dù, ìlù àti ohùn ọkùnrin ti ń pàdé. Ní bíi 2,000 sí 5,000 Hz ni àwọn kọ́ńsónáǹtì ti máa ń yọ, ibẹ̀ la ti ń mọ "tà" yàtọ̀ sí "kà". Bí ọ̀rọ̀ kò bá hàn, ẹ má sáré gbé ohùn olórin ga. Ẹ kọ́kọ́ dín gìtá àti kíbọ́ọ̀dù kù díẹ̀ ní agbègbè yẹn, kí ẹ tún gbọ́ ọ wò. Bí "s" bá ń gún etí, ẹ wá a láàárín 5,000 sí 8,000 Hz.

Compressor ní iṣẹ́ pàtàkì kan nínú orin wa. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá bọ́ sí ìparí gbólóhùn sábà máa ń rẹlẹ̀ débi pé ìlù á gbé e mì. Compressor máa ń fa ibi tó ga jù wálẹ̀, a ó sì lè wá gbé odidi ohùn náà sókè, kí sílébù tó kẹ́yìn má ṣe rì. Ẹ fi ìwọ̀n sí i. Bí gbogbo sílébù bá wá ní agbára kan náà, ẹ̀mí ti kúrò nínú orin.

Àìsàn àti ìtọ́jú rẹ̀

Àìsàn kan wà tí mixing kò lè wò, nítorí ìgbà tí a ń gba ohùn ló ti wọlé. Láti òkè ni omi ti ń tòrò wá. Àwọn tó wọ́pọ̀ nínú yàrá wa nìwọ̀nyí.

Bí ìró hùn-ùn bá ń bá orin lọ, iná mànàmáná ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Iná orílẹ̀-èdè wa ń lọ ní 50 Hz, ìró rẹ̀ sì máa ń yọ ní 50, 100 àti 150 Hz. Ẹ yọ ṣájà kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi bátìrì gba ohùn. Bí hùn-ùn bá dákẹ́, ẹ ti mú olè náà. Ẹ má sì jẹ́ kí wáyà gbohùngbohùn lọ́ mọ́ wáyà iná.

Bí yàrá bá ń dáhùn bíi kànga, ẹ fi aṣọ tó nípọn, ẹní àti tìmùtìmù yí ibi tí olórin dúró sí ká. Fáànù, jẹnẹrétọ̀ àti òjò lórí páànù kò ṣeé fọ̀ kúrò tán láìpa ohùn olórin lára. Ẹ ní sùúrù títí ilé yóò fi dákẹ́.

Bí iná pupa bá ń tàn nígbà tí a ń gba ohùn, ohùn ti kọjá 0 dB, etí rẹ̀ ti ya. Ẹ dín in kù láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ibi tó ga jù lọ wà ní bíi −12 sí −6 dB. Ohùn tó rẹlẹ̀ ṣeé gbé sókè. Èyí tó ti ya ṣòro láti rán.

Bí gbohùngbohùn condenser kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ wò ó bóyá ẹ ti tẹ bọ́tìnnì 48 V tó ń fún un lágbára.

Bí orin bá ń ta páápáá bí àgbàdo lórí iná, agbára kọ̀ǹpútà ni kò tó. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ buffer sí. Bí a bá gbé e sí 128, ohùn á tètè padà sínú etí olórin, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á máa mí hẹlẹ. Bí a bá gbé e sí 2,048, ìdádúró á pọ̀, olórin á sì máa ṣi ìlù gbọ́. Nítorí náà, ẹ lo kékeré nígbà tí ẹ bá ń gba ohùn, kí ẹ sì lo ńlá nígbà tí ẹ bá ń ṣe mixing.

Bí ohùn kan bá dára nínú hẹ́dífóònù tó sì pòórá lórí fóònù olójú gbohùngbohùn kan, ó ṣeé ṣe kí apá ọ̀tún àti apá òsì máa pa ara wọn. Ẹ yí gbogbo orin sí mono nígbà gbogbo láti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí orí irú fóònù bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti gbọ́ ọ.

Ariwo kọ́ ni agbára

Nígbà tí a bá dé ìdí mastering, ìdánwò ńlá ni kí a ti limiter títí orin yóò fi pariwo ju ti ẹlòmíràn lọ. Kò sí èrè níbẹ̀. Spotify, tó wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2021, máa ń mú orin wá sí ìwọ̀n bíi −14 LUFS, tí í ṣe òṣùwọ̀n bí orin ṣe ń ròkè sí létí. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fà á wálẹ̀. Ohun tí a fi ariwo bàjẹ́ nìkan ni yóò kù: ìró kọ̀ǹgọ́ lójú awọ á ti tẹ́, gángan tó ń pe orúkọ á ti di ìlù lásán. Ẹ jẹ́ kí ibi tó ga jù lọ dúró ní −1 dB, kí ẹ sì jẹ́ kí ìlù mí.

Kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ìdánwò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gba orin náà sílẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, etí yín á máa parọ́ fún yín. Ẹ wá àgbà kan tí kò gbọ́ ọ rí, kí ẹ gbé e sí i fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí fóònù, kí ẹ ní kí ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Bí gángan bá wà níbẹ̀, ẹ bi onílù kan léèrè ohun tí ó ń wí. Ibi tí wọ́n bá ti ṣì í gbọ́ ni kí ẹ padà sí.

Ìdánwò yìí ṣe pàtàkì jù fún orin tí a fi ẹ̀ka-èdè kọ. Elémùré Ògúnyẹmí fi èdè Èkìtì kọrin, èdè tó ń pe ilé ní "ulé". Ẹni tó ń fetí sílẹ̀ láti Ìbàdàn lè má ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bí mixing kò bá jẹ́ kí ó hàn, kò ní ohun tí yóò fi méfò rẹ̀. Ní ti ọmọ Ọ̀tùn tó wà nílẹ̀ òkèèrè, tí kò ráyè wálé sin ìyá rẹ̀, ó lè jẹ́ fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́ yẹn nìkan ni yóò fi gbọ́ oríkì rẹ̀.

Bí ẹ bá ní àìsàn orin mìíràn tí n kò mẹ́nu bà, ẹ kọ̀wé ránṣẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.