Kọ̀ǹpútà Àtòtà Kò Bá Ìbàdàn Mu

Àríyànjiyàn kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bá ara wọn ṣe ní Àgbowó, tí àwọn òbí sì ń bá ọmọ wọn ṣe ní Bódìjà: bí ènìyàn bá fẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó lágbára láti gbé géèmù òde òní, ṣé kí ó ra èyí tí ilé-iṣẹ́ ti tò parí ni, àbí kí ó ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó sì tò ó? Èyí àkọ́kọ́ ni n ó máa pè ní àtòtà, èkejì ni àtòlò. Ẹ má ṣe wá wọn nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Èmi ni mo ṣẹ̀dá wọn, èdè wa sì gbà á.

N kò fi èrò mi pamọ́: ní ìlú yìí, àtòlò ni ó tọ́. Àwọn tí ń polongo àtòtà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Lọ́ńdọ̀nù ni a ń gbé.

Kí ni ó ń pa kọ̀ǹpútà níbí? Iná ni. Iná tí ó yẹ kí ó wọlé ní 230 volt lè rẹlẹ̀ títí gílóòbù yóò fi pọ́n bí ẹyin iná, kí ó sì padà dé lójijì pẹ̀lú agbára tí ó lè sun ohun gbogbo. Páwà páàkì ni ó kọ́kọ́ ń fara gbá a, àpótí onírin kékeré tí ó ń yí iná ilé padà sí irú èyí tí kọ̀ǹpútà lè lò. Nínú àtòlò, páwà páàkì yìí máa ń tẹ̀lé ìlànà ATX tí Intel gbé jáde ní ọdún 1995: ihò ìdè kan náà, ojú ìsopọ̀ kan náà, ẹni yòówù kí ó ṣe é. Bí ó bá jóná ní òwúrọ̀, ẹ lè rí òmíràn rà ní Àgbowó tàbí ní Dùgbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdè mẹ́rin péré ni ẹ ó tú.

Àtòtà ńkọ́? Dell, HP àti Lenovo máa ń fi páwà páàkì àti mọ́dábọ́ọ̀dù tí ó jẹ́ tiwọn nìkan sínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọn. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Dell tilẹ̀ ṣe èyí tí ó burú jù: ojú ìsopọ̀ páwà páàkì wọn jọ ti ATX gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa ètò wáyà inú rẹ̀ dà. Ẹni tí ó bá fi èyí tí ó rà ní ọjà rọ́pò rẹ̀ lè sun mọ́dábọ́ọ̀dù. Nígbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá kú ní Ring Road, ìmọ̀ràn wo ni wọ́n ń gba oní-nǹkan? Kí ó ra odidi òmíràn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Èyí tí ó tilẹ̀ pọ̀ jù ní ọjà wa ni tòkunbọ̀. (Ẹ wo orúkọ iyì tí àwọn baba wa ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí ó di orúkọ ẹrù àlòkù! Ọjọ́ mìíràn ni n ó dá ẹjọ́ ìyẹn.) Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ra ọ̀kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá; bọ́tìnì pupa kékeré tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì dúró sí 115. Ó kì í bọ iná 230 wa. Ìró kan ṣoṣo ni a gbọ́, èéfín sì tẹ̀lé e. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan páwà páàkì, tí ó ka ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò lè ṣàìmọ ohun tí bọ́tìnì náà ń ṣe.

Wọ́n á ní àtòtà dínwó. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, n kò ní bò ó. Ní ọdún 2020 àti 2021, nígbà tí káàdì gíráfíìkì wọ́n bí ojú, inú àtòtà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí i. Ní ìparí ọdún 2025, owó RAM fò sókè nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ AI ń gbá a lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Micron kéde pé àwọn yóò fòpin sí Crucial, RAM tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ dáadáa. Ẹni tí ó bá ṣírò owó ọjọ́ ìrajà nìkan lè rí i pé àtòtà ni ó gbè é. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ra kọ̀ǹpútà fún ọjọ́ kan? Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba jọ̀wọ́ náírà fún ọjà, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Owó oṣù ta ni ó di ìlọ́po mẹ́ta? Ní irú àsìkò báyìí, ẹni tí ó lè pààrọ̀ ẹ̀yà kan lọ́dún yìí, òmíràn lẹ́yìn ọdún méjì, ni ó lè bá a dé ibi kan. Ẹni tí ó ra mọ́dábọ́ọ̀dù B350 fún Ryzen ní ọdún 2017 lè sọ BIOS rẹ̀ di tuntun, kí ó sì fi Ryzen 7 5800X3D ti ọdún 2022 sí i.

Ní ti ìwé ìdánilójú tí wọ́n fi ń fa ojú wa mọ́ra, ọ̀pọ̀ wọn kò kọjá orílẹ̀-èdè tí a ti ta ẹ̀rọ náà. Ta ni yóò dá ọ lóhùn ní Challenge?

Ìbéèrè tí ó ń bí mi nínú jù ni èyí: "Ọ̀gá, ta ni ó mọ̀ ọ́n tò?" Àwa tí a ń ra aṣọ ní ọ̀pá, tí a ń gbé e lọ fún aránṣọ kí ó wọ̀n wá, tí a kì í ra aṣọ ìyàwó ní bọ́sìkọ̀rọ̀! Zinox ń ta kọ̀ǹpútà tí a tò ní Nàìjíríà láti ọdún 2001, àwọn ọmọ Òtígbà ní Ìkẹjà sì ti ń to tiwọn fún àwọn ọ́fíìsì káàkiri. Wọ́n gé ọ̀pọ̀ ojú ìsopọ̀ inú kọ̀ǹpútà lọ́nà tí kò fi ní wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ ọdún 14 tí ó ní sùúrù lè tò ó ní ọ̀sán Sátidé kan, yóò sì mọ inú rẹ̀ bí ẹni mọ inú yàrá rẹ̀.

N kò bá gbogbo ènìyàn wí. Ẹni tí ó ń gbé yàrá kan, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré "I better pass my neighbour" nìkan ni ó gbójú lé, kò gbọdọ̀ so kọ̀ǹpútà géèmù mọ́ ọn; láptọ́ọ̀pù ni kí ó rà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ínfátà tí ó gbé e, páwà páàkì gidi ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé, lẹ́yìn náà àpótí tí iwájú rẹ̀ rí bí asẹ́, kí atẹ́gùn lè wọlé nínú ooru oṣù Kejì àti Ìkẹta. Àwọn ọmọ yóò fẹ́ èyí tí ó ní gíláàsì tí ó ń tan iná aláràbarà. Ẹ má dá wọn lóhùn.